Ìdá Mélòó Nínú Ta Ni? Iye Ìwádìí Èrò Aráàlú Nínú Àríyànjiyàn Òmìnira Skọ́tlándì

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣòro láti gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn kan bá ń jiyàn bóyá kí wọ́n dá dúró tàbí kí wọ́n ṣì máa bá orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n sínú gbé pọ̀, iye tí wọ́n ń kéde láti inú ìwádìí èrò aráàlú kì í sábà jẹ́ irọ́ láti orísun rẹ̀. Ẹni tó gbé e jáde ló máa ń já ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọ nù: iye èèyàn tí wọ́n bi, ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n, àti àwọn tí wọ́n yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Iye tí kò ní ìpìlẹ̀ mọ́ á wá di ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi jà. Skọ́tlándì ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé wọ́n ti dìbò níbẹ̀, a mọ àbájáde rẹ̀, a sì lè fi ohun tí wọ́n kéde wé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ìbò òmìnira ọdún 2014 tí gbogbo ayé rántí lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 1979, wọ́n bi àwọn ará Skọ́tlándì bóyá wọ́n fẹ́ ilé aṣòfin tiwọn lábẹ́ ìjọba Bìrìtéènì. Èèyàn 1,230,937 ní bẹ́ẹ̀ni, èèyàn 1,153,502 ní bẹ́ẹ̀kọ́. Nínú àwọn tó dìbò, ìdá 51.6 nínú 100 ló gbà. Ṣùgbọ́n George Cunningham, aṣòfin kan nínú ẹgbẹ́ Labour, ti ti àfikún kan bọ inú òfin náà tẹ́lẹ̀: àwọn tó bá gbà gbọ́dọ̀ tó ìdá 40 nínú gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò, ìbáà jáde, ìbáà jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n fi àwọn tí kò jáde kún un, ìdá 51.6 di ìdá 32.9, ètò náà sì wọlẹ̀. Ó di ọdún 1999 kí Skọ́tlándì tó rí ilé aṣòfin gbà. Kò sí ìwé ìbò kan ṣoṣo tó yí padà láàrin iye àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹni tí wọ́n kà mọ́ ọn nìkan ló yí padà. Bí ẹnì kan bá sọ iye tí òun ra gàrí lọ́jà láì sọ irú kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bóyá èyí tó pé ni tàbí èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdá 51 tàbí ìdá 58 tí a kò mọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìwádìí èrò tiẹ̀ tún ní ju ìyẹn lọ, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n bi. Bí wọ́n bá bi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n yàn bó ṣe yẹ, iye tó jáde lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta ga ju òtítọ́ lọ tàbí kó fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Bó bá wá jẹ́ pé àlàfo tó wà láàrin ìhà méjì là ń sọ, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́fà, nítorí ohun tí ìhà kan bá pàdánù, ìhà kejì ló jèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn aṣèwádìí èrò ní Bìrìtéènì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n gbé gbogbo àlàyé ìṣirò wọn síta kí ọjọ́ iṣẹ́ méjì tó pé lẹ́yìn tí ìròyìn bá ti jáde. Òfin tó dára ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ìròyìn ti máa ń rin ìlú já kí àlàyé tó dé, àwọn tó sì ń lọ wò ó lẹ́yìn náà kò pọ̀.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ náà ní agbára. Ní ọdún 2012, ìjọba Skọ́tlándì tí Alex Salmond ń darí kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n bi àwọn olùdìbò bóyá wọ́n gbà pé kí Skọ́tlándì di orílẹ̀-èdè olómìnira. Àjọ elétò ìdìbò gbé ìbéèrè yìí lọ bá àwọn aráàlú láti dán an wò, wọ́n sì rí i pé bíbéèrè bóyá èèyàn gbà ń rọra tì í sọ́dọ̀ bẹ́ẹ̀ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013 wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́, ìjọba sì gbà, ìbéèrè náà wá di kìkì bóyá ó yẹ kí Skọ́tlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira. Lọ́dún yẹn kan náà ni SNP, ẹgbẹ́ òṣèlú Salmond tó fẹ́ òmìnira, sanwó fún ilé-iṣẹ́ Panelbase láti wádìí èrò. Kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ ìbò, wọ́n ti kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn bóyá Skọ́tlándì lè ṣàṣeyọrí bí ó bá dá dúró, àti ìjọba tí wọ́n fọkàn tán jù láti ṣe ìpinnu fún un. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá bi wọ́n léèrè ìbò, Bẹ́ẹ̀ni sì fi 44 sí 43 ṣíwájú, ní àkókò tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń rí Bẹ́ẹ̀kọ́ níwájú pátápátá. Àwọn tó fẹ́ ìṣọ̀kan kò mọ́ wẹ́ nínú èyí náà. Ẹgbẹ́ Scotland in Union ti ń sanwó fún ìwádìí tó ń bi àwọn èèyàn bóyá kí Skọ́tlándì dúró sínú Bìrìtéènì tàbí kó kúrò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni iye àwọn tó fẹ́ dúró fi ń ga ju iye tí ìbéèrè ọdún 2014 ń mú jáde. Ìbéèrè méjèèjì ló bójú mu láti béèrè. Ohun tí kò bójú mu ni kí wọ́n gba ìdáhùn ọ̀kan, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn èkejì, kí wọ́n wá kéde pé ọkàn àwọn èèyàn ti yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró díẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí mò ń sọ ti hàn kedere jù. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù náà, ìwé ìròyìn Sunday Times gbé ìwádìí YouGov jáde: Bẹ́ẹ̀ni 51, Bẹ́ẹ̀kọ́ 49. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí YouGov máa rí Bẹ́ẹ̀ni níwájú. Kò ju oṣù kan lọ sígbà náà tí ilé-iṣẹ́ kan náà rí Bẹ́ẹ̀kọ́ níwájú pẹ̀lú ìdá 22, nítorí náà ìyípadà ńlá wà lóòótọ́, ó sì yẹ kí wọ́n ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ 51 yẹn. Èèyàn 1,084 ni wọ́n bi. Ìdá 47 ní bẹ́ẹ̀ni, ìdá 45 ní bẹ́ẹ̀kọ́, àwọn tó kù kò tíì pinnu tàbí wọn kò ní dìbò. Ẹ ro 47 pọ̀ mọ́ 45, 92 ni. Ẹ wá wo ohun tí 47 jẹ́ nínú 92 dípò 100, 51 ló máa bọ́ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá gbọ́ ni pé ó ju ìdajì àwọn ará Skọ́tlándì lọ tó fẹ́ òmìnira. Ohun tí ìwádìí náà sọ gan-an ni pé àwọn tó fẹ́ ẹ kò tó ìdajì, pé àwọn tí kò fẹ́ ẹ náà kò tó ìdajì, àti pé àlàfo ìdá méjì tó wà láàrin wọn kéré gan-an sí ohun tí ìwádìí èèyàn ẹgbẹ̀rún lè fojú rí.

Ohun tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni ìwádìí kejì tó jáde ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Yes Scotland, ẹgbẹ́ tó ń polongo òmìnira gan-an, ló sanwó fún un, Panelbase ló ṣe é, Bẹ́ẹ̀kọ́ ló sì wà níwájú níbẹ̀ pẹ̀lú 52 sí 48. Bí a bá gbé méjèèjì síra wọn, wọn kò tako ara wọn rárá: ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pé ìjà ti sún mọ́ra, pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ ẹni tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ló gba ìlú kan. Ní ọjọ́ Ajé, owó pọ́n-ùn já wálẹ̀. George Osborne, mínísítà ètò ìnáwó, ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti ọjọ́ Àìkú láti ṣèlérí pé agbára púpọ̀ sí i ń bọ̀ fún Skọ́tlándì. Ní Ọjọ́rú, David Cameron, Nick Clegg àti Ed Miliband, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá mẹ́ta ní Bìrìtéènì, fi ìjókòó ìbéèrè ilé aṣòfin sílẹ̀, wọ́n gbéra lọ sí Skọ́tlándì. Ní ọjọ́ 16, ìwé ìròyìn Daily Record gbé ẹ̀jẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí agbára tuntun yìí sí ojú ewé kìn-ín-ní. Láti inú ẹ̀jẹ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ Lord Smith ti jáde, òfin tuntun fún Skọ́tlándì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2016. N kò sọ pé ìwádìí kan ṣoṣo ló bí òfin náà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń sọ̀rọ̀ agbára tuntun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìkánjú, ìbẹ̀rù àti ọjọ́ tí wọ́n dá fún ara wọn kò lè yé ẹnikẹ́ni bí a bá yọ 51 yẹn kúrò. Iye tí kò lè sọ ẹni tó wà níwájú ti di ohun tó ń darí àwọn olórí ìjọba.

Àwọn aṣèwádìí á fún mi lésì pé àwọn kò ṣe ohun tí kò tọ́. Wọ́n á ní kò sí àpótí ‘n kò mọ̀’ nínú ìwé ìbò, nítorí náà bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ìbò máa dà bí, dandan ni kó yọ àwọn tí kò tíì pinnu kúrò. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ibi tó lágbára dé. Ṣùgbọ́n yíyọ wọ́n kúrò túmọ̀ sí pé a ti gbà láìsọ pé wọ́n á pín ara wọn bí àwọn yòókù ṣe pín ara wọn. Nínú ìbò tó ń béèrè bóyá kí orílẹ̀-èdè já kúrò lára òmíràn, ìrírí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n. Ní Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1995, Bẹ́ẹ̀kọ́ fi ìdá 50.58 sí 49.42 borí, lẹ́yìn tí ìwádìí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ti ń fi Bẹ́ẹ̀ni síwájú. Ní Skọ́tlándì, àwọn ìwádìí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá parí sí kí wọ́n tó dìbò fi Bẹ́ẹ̀kọ́ sí 52 tàbí 53. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, 55.3 ni Bẹ́ẹ̀kọ́ ní: èèyàn 2,001,926 sí 1,617,989. Gbogbo wọn ló ṣìnà sí ìhà kan náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì dúró títí di ọjọ́ ìkẹyìn sábà máa ń di ohun tó mọ̀ mú. Ẹ̀tọ́ àwọn aṣèwádìí ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Kò sí ẹ̀tọ́ fún oníròyìn láti fi pé wọ́n yọ ọ́ kúrò pa mọ́.

Irú àṣìṣe yìí kò dúró ní 2014. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Ipsos MORI ṣe ìwádìí fún ilé tẹlifíṣọ̀n STV, ìdá 58 sì jáde fún òmìnira, iye tó ga jù lọ tí wọ́n tíì rí títí di ìgbà yẹn. Ibi gbogbo ni wọ́n ti kà á bí ẹni pé nínú gbogbo ará Skọ́tlándì ni. Ìdá 58 nínú àwọn tó ti pinnu ni. Àlàfo náà tóbi níbẹ̀, Bẹ́ẹ̀ni wà níwájú láìsí iyèméjì, òótọ́ kò sì níláti gba àfikún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ bó ṣe rí, kò ní dín agbára rẹ̀ kù. Èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti àwọn tó ń yọ Skọ́tlándì jáde láti inú ìwádìí gbogbo Bìrìtéènì. Nínú èèyàn 100 tó ń gbé Bìrìtéènì, nǹkan bí mẹ́jọ ló wà ní Skọ́tlándì. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá bi ẹgbẹ̀rún èèyàn káàkiri, nǹkan bí 80 sí 90 ni wọ́n máa bá pàdé níbẹ̀, wọn kò sì yàn wọ́n láti ṣojú Skọ́tlándì ní ọjọ́ orí, ní àdúgbò tàbí ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Iye tó bá jáde láti ọ̀dọ̀ wọn lè fi ìdá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ̀ sí ìhà méjèèjì. Síbẹ̀ àwọn kan ń mú irú iye yìí, wọ́n ń pè é ní ìwádìí Skọ́tlándì, wọ́n sì ń fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ìyípadà kankan níbẹ̀; èèyàn 80 mìíràn ni wọ́n bá pàdé.

Àwọn kan gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n ní ẹ̀rí nìyí pé irọ́ ni ìwádìí èrò, kí wọ́n fòfin dè é nígbà tí ọjọ́ ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ Faransé kò gbà kí wọ́n tẹ ìwádìí tuntun jáde ní ọjọ́ ìbò àti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fa irú òfin bẹ́ẹ̀ gùn. Bí ìwádìí kò bá sí, kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa rọ́pò rẹ̀. Ariwo ìpàdé ìta gbangba, iye àsíá tó wà lójú fèrèsé, àti ẹnu ẹni tó lágbára jù ni a ó fi máa mọ ohun tí àwọn èèyàn ń rò. Ní Glasgow ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ẹni tó bá fi àsíá àti orin ojú pópó wọn èrò ìlú, ó máa gbà pé Bẹ́ẹ̀ni ti borí tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ni sì borí ní Glasgow lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú agbègbè 32 tí wọ́n ti ka ìbò, mẹ́rin péré ló gbà á. Láìka gbogbo àléébù wọn sí, àwọn aṣèwádìí ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

Ìdáhùn mìíràn wà tó gba kí èèyàn ronú. Wọ́n ní 51 yẹn ló ta gbogbo èèyàn jí, pé òun ló jẹ́ kí ìdá 84.6 nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jáde dìbò. Ó ṣeé ṣe kó kópa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ti parí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, kí ìwádìí náà tó jáde, nígbà tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ti wà nínú ìwé. Àwọn èèyàn ti ta jí fúnra wọn. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló lé àwọn kan jáde, èèyàn tó ń ṣe ìpinnu tí kò rọrùn láti yí padà fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé gan-an kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Òfin ìbò ọdún 2014 fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀tọ́ àti máa gbé ní Skọ́tlándì láyè láti dìbò. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Aberdeen wà lára àwọn tí àkọlé ìròyìn yẹn ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí ọmọ Skọ́tlándì tó ń gbé ní London kò ní ìbò kankan. Nílé níbí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Premise ṣe ìwádìí kan fún Bloomberg lórí fóònù ìgbàlódé, wọ́n sì kéde pé ìdá 72 ló fẹ́ kí Peter Obi di ààrẹ Nàìjíríà. Nínú àwọn tó ti pinnu ni, àti nínú àwọn tó ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò, Obi gba nǹkan bí ìdá 25, ó sì ṣe ipò kẹta. Àríyànjiyàn bóyá kí ilẹ̀ Yorùbá dá dúró náà ń lọ láàrin wa, àwọn kan ń sọ pé gbogbo Yorùbá ló fẹ́ ẹ, àwọn mìíràn ń sọ pé ìwọ̀nba èèyàn kéréje ni. Bí ẹnì kan bá gbé iye kan síwájú wa lọ́la nípa rẹ̀, kí ohun tí ó kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu wa jẹ́: ta lẹ bi, mélòó ni wọ́n, kí lẹ bi wọ́n, ta ló sanwó, ta lẹ sì yọ kúrò?

Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn á ní àyè kò sí fún gbogbo èyí, pé òǹkàwé kò fẹ́ ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká fi òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti YouGov wò ó, ọjọ́ 13 àti 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Ìwádìí mẹ́rin ló jáde. ICM bi nǹkan bí èèyàn 700 fún Sunday Telegraph, ó fi Bẹ́ẹ̀ni sí 54. Panelbase fi í sí 49 fún Sunday Times, Opinium fi í sí 47 fún Observer, Survation fi í sí 46 fún àwọn tó ń polongo Bẹ́ẹ̀kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí sì bi ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ. Olóòtú tó bá fẹ́ lè kọ ọ́ báyìí: ‘Nínú ìwádìí mẹ́rin tó jáde ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, mẹ́ta fi Bẹ́ẹ̀kọ́ síwájú díẹ̀, ọ̀kan fi Bẹ́ẹ̀ni síwájú, ọ̀kan yẹn ló bi èèyàn tó kéré jù, gbogbo wọn ló sì yọ àwọn tí kò tíì pinnu kúrò.’ Àyè tí àkọlé kan àti ìlà abẹ́ rẹ̀ ń gbà náà ló gbà. Ẹni tó bá kà á, ìbáà fẹ́ òmìnira, ìbáà má fẹ́ ẹ, á mọ̀ pé wọn kò tíì borí, wọn kò sì tíì pàdánù, ọjọ́ mẹ́rin sì ṣì wà nílẹ̀ láti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀.